Kànga Tí Wọn Ò Fẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Bàbá Ìyá Mi

Bí inú mi bá dùn, mi ò lè jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni mo rí láti kékeré, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣì rí lónìí tí orúnkún ń dùn mí. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹnu mi ń sáré ju ẹsẹ̀ mi lọ, pé bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ kan rán mi, méjì ni màá jẹ́. Òótọ́ ni. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu mi ló dá a sílẹ̀, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ rí.

Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, ní agboolé Mùsùlùmí tí àwọn ìyá ibẹ̀ ń rẹ aró, tí ọwọ́ wọn kì í mọ́ bọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Iléyá. Bàbá mi nìkan ló yà kúrò nídìí aró. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, nínú àwọn tí ń tún ojú irin ṣe, tí wọ́n ń fi òòlù ńlá gbá irin mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì ní Ọjà Ọba. Ìjẹ̀ṣà ni, ará Itagunmodi, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà. Bí ìyá mi bá ti kọ̀ láti ra nǹkan tó wọ́n, bàbá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná r'oko. Ìyá mi á bi í pé ta ló fi tipátipá mú un fẹ́ Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, nǹkan tó wọ́n náà ò sì ní wọlé wa.

Ìyá mi ló ta kú pé màá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀wé kà, kò mọ̀wé kọ. Bàbá mi ní ìwé mẹ́fà tó fún ọmọbìnrin. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà fún oṣù mẹ́ta, kí bàbá mi tó gbà, ṣùgbọ́n ó fi òfin kan tì í: inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni màá máa sùn, òun ò ní jẹ́ kí ọmọ òun máa gun ọkọ̀ akẹ́rù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bí àpò kòkó. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà ní ẹ̀yìn Iléṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba obìnrin. Àwa mọ́kànlá ni wọ́n kọ́kọ́ mú, wọ́n sì fún wa ní ilé oníyàrá mẹ́ta nínú ọgbà. Ọjọ́ tí mo gbé àpótí mi wọ ibẹ̀, mo ń fò sókè lórí ibùsùn títí igi rẹ̀ kan fi dá.

Omi nìkan ni kò sí. Odò tí à ń pọn wà ní òdìkejì ọ̀nà mọ́tò, a sì ń sọdá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ pẹ̀lú garawa lórí. Ní ọdún kejì mi níbẹ̀ ni ìjọba yí ìwakọ̀ padà, tí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n pariwo rẹ̀ lórí rédíò títí, wọ́n kọ́ wa lórin rẹ̀ pàápàá, èmi gan-an sì ni mo ń dá orin náà fún ẹgbẹ́ mi. Síbẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo dé etí ọ̀nà, mo wo ọwọ́ ọ̀tún bí mo ṣe máa ń ṣe látijọ́, mo rí i pé ọ̀nà dá, mo sì bọ́ sójú títì. Ọwọ́ òsì ni lọ́rì agégẹdú ti ń bọ̀. Mo fò, garawa mi bọ́, táyà lọ́rì sì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ bí àwo. Dẹ́rẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń sunkún ju èmi lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí ìsípẹ́kítọ̀ ìjọba fi dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó wo ilé wa, ó wo odò, ó wo ọ̀nà, ó sì sọ fún ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì wa pé bí omi kò bá sí nínú ọgbà kí ọdún tó parí, kò sí ọmọbìnrin kankan tí yóò sùn níbẹ̀ mọ́ láti oṣù kìn-ín-ní. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, kò bínú, kò pariwo. Ó kàn ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, màá padà wálé wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, òun sì ti mọ télọ̀ tí òun máa fà mí lé lọ́wọ́. Èmi tí n kò lè fi abẹ́rẹ́ gán bọ́tìnnì kó dúró.

Ọ̀gá àgbà wa, ọkùnrin sísanra tó máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun gígùn, bẹ̀rù ìwé ìjọba ju ejò lọ. Ó kọ lẹ́tà lédè òyìnbó, ó ní kí olúkúlùkù wa mú un lọ sílé nígbà ìsinmi oṣù kẹjọ. Lẹ́tà náà ń sọ onírúurú ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà ta kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́rẹ. Ènìyàn lè mú owó wá. Ó lè mú sìmẹ́ńtì wá, tàbí páànù, tàbí pákó. Ó lè ya igi kòkó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú oko rẹ̀, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ká a lọ́dọọdún. Ó tilẹ̀ lè sọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé bí òun bá kú, kí ilé òun tàbí ìwé òun di ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Orí mi wú nígbà tí mo kà á. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọrẹ ní ilẹ̀kùn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà fún bàbá mi, mo kà á fún ìyá mi, mo kà á fún àwọn aláró, mo sì kà á fún ẹni tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ láti gáréèjì Òṣogbo títí a fi dé Iléṣà, nígbà tí mò ń lọ kí bàbá ìyá mi ní Itagunmodi.

Bàbá ìyá mi ti ṣe òṣómàáló nígbà èwe rẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ru aṣọ lọ tà láwìn ní ìlú jíjìn ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ owó bá pé, tí oníbàárà ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn ò ní jẹ, wọn ò ní jà, wọn ò sì ní dìde títí ojú á fi ti onítọ̀hún níwájú aládùúgbò. Nígbà tí ó fi iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó padà sí Itagunmodi, ó ń gbẹ́ kòtò wúrà. Wúrà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Apá líle àti ilé oníyàrá méjì ni gbogbo èrè rẹ̀.

Mo túmọ̀ lẹ́tà náà fún un láti òkè délẹ̀. Ó ń mi orí. Nígbà tí mo parí, ó béèrè pé ẹni tí kò ní owó, tí kò ní páànù, tí kò ní oko kòkó ńkọ́? Ojú rẹ̀ rọ̀ débi pé n kò lè mú un mọ́ra. Mo tún gbé ìwé náà sójú, mo sì kà á jáde ketekete pé, "Tàbí ohunkóhun tí ọwọ́ yín bá mọ̀ ọ́n ṣe." Ibi tí mo gbójú lé nígbà náà, orúkọ ọ̀gá àgbà àti òǹtẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà, kò yingin. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó wò wọ́n, ó ní ilẹ̀ gbígbẹ́ ni ọwọ́ òun mọ̀. Ó ní òun ó wá gbẹ́ kànga fún wa, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí òjò bá dá, torí kànga tí wọ́n bá gbẹ́ lójò, irọ́ ló ń pa fúnni.

Nígbà tí a wọlé padà, wọ́n ṣe ọjọ́ ìtọrẹ. Títí di òní, bí mo bá rántí ọjọ́ náà, ara mi á yá gágá. Bàbá olóko kan dìde, ó fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ogún igi kòkó, ó sì ní òun ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí wọn kí àwọn ọmọ òun má bàa purọ́. Opó kan gbé àpótí ìwé ọkọ rẹ̀ tó ti kú wá. Ikán ti jẹ ìdajì dikiṣọ́nárì, láti lẹ́tà M lọ, ṣùgbọ́n a pàtẹ́wọ́ fún un títí ó fi sunkún. Ẹnì kan fa àgbò wá, àgbò sì jẹ ìwé tí akọ̀wé ń kọ orúkọ sí. Gbogbo rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò sí omi nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ onímáṣíìnì tí ọ̀gá àgbà fojú sọ́nà fún pé yóò wá lu ilẹ̀ fún wa dá iye kan tí gbogbo ọrẹ ọjọ́ náà kò tó ìdámẹ́ta rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fi àgbò gbẹ́lẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá, bí ọyẹ́ ṣe ń fẹ́, bàbá ìyá mi dé pẹ̀lú dígà, ṣọ́bìrì àti okùn ní èjìká. Wọ́n pè mí jáde ní kíláàsì. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, ọ̀gá àgbà ti tẹ́ lẹ́tà náà sórí tábìlì. Ó ní ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ènìyàn wá fi ọwọ́ gbẹ́lẹ̀? Ó ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá ìyá mi ní Yorùbá, láìyọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì wò mí. Ilẹ̀ ò lanu. Bàbá ìyá mi náà wò mí, kò pẹ́, ó gbójú kúrò.

Ó ní, "Bí kò bá sí nínú ùwé, ẹ kọ ọ́ sí i. Uṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo mú wá."

Ọ̀gá àgbà kọ̀. Ó ní bí àgbàlagbà bá kú sínú kòtò nínú ọgbà òun, kí ni òun ó sọ fún ìjọba? Ìdí yẹn dára, ṣùgbọ́n ìdí kejì ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ó sì sọ ọ́ fún tíṣà kan níwájú wa bí ẹni pé a ò gbọ́. Ó ní ará Itagunmodi kì í gbẹ́lẹ̀ onílẹ̀ lásán, pé bàbá yìí ti gbóòórùn wúrà lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Inú bí mi gan-an. Bàbá ìyá mi gbé dígà rẹ̀ ti ògiri, ó jáde sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì lóṣòó.

"Òṣó ni mo máa ló," ó ní, "títí ẹ ó fi gba ẹ̀bùn mi."

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni. Ọ̀gá àgbà rò pé yóò rẹ̀ ẹ́. Kò mọ irú ìtan tó wà lábẹ́ ṣòkòtò yẹn. Ní aago mẹ́wàá, ẹni tó ń kó búrẹ́dì wá dé, ó rí bàbá àgbà tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá àgbà, ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀, ó sì sáré lọ ròyìn ní Iléṣà. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò mọ ohun tí òṣó túmọ̀ sí. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ènìyàn ti ń wọ́ wá. Ìyá arúgbó kan dúró, ó gba ọ̀gá àgbà nímọ̀ràn pé kó tètè san owó aṣọ ọlọ́jà, pé kò yẹ ọ̀mọ̀wé. Alága àwọn òbí dé, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í pé èló ni, kí àwọn bá a dá a. Ọ̀gá àgbà ń búra, òógùn ń gba inú ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹ̀, ó ní òun ò jẹ bàbá náà ní kọ́bọ̀, pé bàbá náà ló fẹ́ fún òun ní nǹkan. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ta ni í lóṣòó nítorí kí wọ́n lè gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀?

Èmi àti àwọn ọmọbìnrin mẹ́wàá yòókù ń yọjú lójú fèrèsé, a ti gbàgbé ìṣirò. Nígbà tí ó di aago méjì, ọ̀gá àgbà jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní kí Bàbá jọ̀wọ́ dìde, òun ti gbà. Àwọn èrò hó yèè. Bàbá ìyá mi ò tètè dìde, torí ẹsẹ̀ ti kú. Èmi ni mo fà á lọ́wọ́, nígbà tí ẹnu rẹ̀ sì sún mọ́ etí mi, ó ní kí n má tún fi irọ́ ka ìwé fún òun mọ́, kí n kàn sọ pé mo fẹ́ kó wá. Mo ní mo ti gbọ́, Bàbá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dojú ìkòkò mẹ́rin délẹ̀ káàkiri ọgbà, kí ó lè mọ ibi tí omi ti sún mọ́ òkè. Láàárọ̀, ó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ọwọ́ nu inú wọn. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ti làágùn jù, ibẹ̀ ló sì fi dígà lé. Ọ̀gá àgbà ní iwájú ọ́fíìsì òun ni kí a máa kó erùpẹ̀ jọ sí, kí òun lè máa rí i. A mọ ohun tó ń wá. Lọ́jọ́ kan a ká a mọ́ ibi tí ó ti ń fi ìka ro òkúta wẹ́wẹ́ nínú báṣíà omi, ó sì ní òun ń fọ ọwọ́ ni.

Àwa ọmọbìnrin là ń fa erùpẹ̀ sókè lẹ́yìn kíláàsì. Bàbá ń fi ìdúró ara rẹ̀ wọn kòtò: ènìyàn mẹ́ta, ènìyàn márùn-ún. Erùpẹ̀ pupa di funfun, funfun di ọ̀rinrin, inú wa ń dùn, à ń kọrin. Ní ènìyàn keje, dígà kan nǹkan, ó dún gbàn-ín. Àpáta ni. Ó lù ú fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹnu dígà ká. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ kẹta yẹn, ìsípẹ́kítọ̀ sì ti kọ̀wé pé òun ń bọ̀ wá wo omi lọ́jọ́ Ajé. Bàbá gòkè wá, ó jókòó sórí erùpẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ mo rí i pé arúgbó ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni bàbá mi dé láti Òṣogbo. Ó ti gba ìsinmi ọjọ́ méjì níbi iṣẹ́, ó sì mú okùn tí yóò fi di àpótí mi dání, torí ó ti gbọ́ pé Bàbá ti kan àpáta, pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo rí i láti ọ̀ọ́kán. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyá mi, ó kí i kú iṣẹ́, ó sì bojú wo inú kòtò pẹ́. Ó béèrè irú òkúta tó jẹ́. Ó béèrè bóyá wọ́n ní ọ̀pá irin àti òòlù. Wọ́n lọ gba méjèèjì lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kan. Bàbá mi bọ́ aṣọ kákí rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó so okùn tó mú wá fún àpótí mi mọ́ ìbàdí, ó ní, "Bísímílàhí," ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ó gbá irin náà bó ṣe ń gbá a lójú irin. A kò rí i, ìró rẹ̀ là ń gbọ́. Ọ̀gá àgbà bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó di okùn mú pẹ̀lú wa. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìró òòlù dákẹ́. Mo na ọrùn, mo ń pè é, kò dáhùn. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé nǹkan náà lè lọ.

"Ẹsẹ̀ mi tutù."

N kò mọ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà. Wọ́n ní mo sáré yí kọ́lẹ́ẹ̀jì po lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì lu agogo tí a ń fi pe ìpàdé títí okùn rẹ̀ fi já. Nígbà tí ìsípẹ́kítọ̀ dé lọ́jọ́ Ajé, omi ti ga dé orúnkún. Ó ní kí a fà á lójú òun. A fà á. Ó bu ún sínú ife, ó gbé e sójú oòrùn, ó wò ó, ó sì ń kọ nǹkan sínú ìwé. Àwa mọ́kànlá dúró bí igi. Ó ní ilé àwọn ọmọbìnrin lè máa bá iṣẹ́ lọ, ó sì béèrè bóyá òun lè gba gálọ́ọ̀nù kan fún ìyàwó òun.

Wọ́n lo sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti fi tọrẹ láti fi mọ ẹnu kànga. Kó tó gbẹ, ọ̀gá àgbà mú ìṣó lọ́wọ́, ó ní orúkọ ẹni tó ta wá lọ́rẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bàbá ìyá mi ní kí wọ́n kọ orúkọ ọkọ ọmọ òun. Bàbá mi ní ó di èèwọ̀, orúkọ Bàbá ni. Wọ́n ń ti ọ̀rọ̀ náà síra wọn títí ọ̀gá àgbà fi ní sìmẹ́ńtì ń le. Bàbá ìyá mi wá gba ìṣó náà, ó sì fi í lé mi lọ́wọ́.

"Mo rán ọmọkùnrin mi mẹ́rin ní ulé ùwé," ó ní. "Ìyá rẹ ni n kò rán. Orúkọ rẹ̀ ni kí o kọ."

Mo kọ ọ́ gàdàgbà gadagba, gbogbo rẹ̀, orúkọ àbísọ rẹ̀ tó gùn, kì í ṣe ìkékúrú tí wọ́n ń pè é lọ́jà. Bàbá mi fi ara bo oòrùn fún mi kí ó má bàa ràn sí mi lójú. Kò sẹ́ni tó sọ fún ìyá mi.

Ó wá mú mi lọ sílé lọ́jọ́ tí a parí ọdún. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó jókòó lórí àpótí kan, ó ń wo ibòmíràn. Mo fa ìyá mi dé ẹnu kànga, mo ní kó wo ibẹ̀. Ó rí i pé ìwé ni, ó bi mí pé kí ló wí. Mo ní orúkọ rẹ̀ ni. Ó ní orúkọ òun dà níbẹ̀? Mo ní gbogbo rẹ̀ ni. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé ìka lé lẹ́tà àkọ́kọ́, ó ń fi í tọ wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yí ẹnu kànga náà ká pẹ̀lú wọn títí ó fi kan èyí tó kẹ́yìn. Ó dúró síbẹ̀, ìka rẹ̀ kò kúrò.

"Gbogbo èyí," ó ní, "èmi nìkan?"